Onílé Ti Gbà fún Àgbàrá

Àwọn àgbà ló ní àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé, ògiri tí omi bá sì fẹnu kàn lẹ́ẹ̀mejì á bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn nídìí. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, baálé á gbé ọkọ́, á la ojú àgbàrá gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, á kó òkúta ti ìdí ògiri. Àgbàrá á dé tìbínú-tìbínú, kò ní rọ́nà wọlé, á kọjá lọ sódò. Ọ̀kan ò jáwọ́ nínú ìkà, ìkejì ò jáwọ́ nínú àìgbà.

Ayé ti wá dayé ọ̀làjú, onílé ti gbà. Kì í ṣe ẹnu lásán ló fi gbà o, orí ìwé ló ti gbà á. Ó ra àkùrọ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n, ayàwòrán-ilé yàwòrán, òṣìṣẹ́ ìjọba lu òǹtẹ̀, lọ́yà gba owó tirẹ̀, wòlíì wá fi ìpìlẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ló fọwọ́ sí i. Odò nìkan ni wọn ò pè. Nígbà tí òun náà yọjú lóṣù kẹsàn-án láti wo ohun tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní àjálù ni.

Ìbàdàn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí níbẹ̀ ni àgbàrá ti lórúkọ. Ògùnpa kò ju odò tí ọmọdé lè là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ó ṣọṣẹ́ ní 1978, wọ́n sunkún, wọ́n nu ojú. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ, 1980, ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lọ. Ìgbà náà ni wọ́n wá ka ẹ̀sùn sí odò náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi kọnkéré dè é mọ́lẹ̀, iṣẹ́ náà la ọ̀pọ̀ ìjọba kọjá. Ọ̀daràn ti wà ní àtìmọ́lé, ara bá tu gbogbo ìlú, àwọn tó ń ta ilẹ̀ sì mú okùn ìwọnlẹ̀ wọn, ó di etí àwọn odò tó kù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 oṣù kẹjọ, 2011, òjò tó tó mìlímítà 187 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Odò Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò pè lẹ́jọ́ ló gbọ̀nà ilé onílé lọ́tẹ̀ yìí. Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n kọ́ ní 1942, kún àkúnya. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ bá omi lọ. Ẹja tí wọ́n ń sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn gba òmìnira. Ẹ̀mí tó lọ lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ìṣirò òjò kò le, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóòró jẹ́ omi lítà kan. Ẹ wá mú plọ́ọ̀tì kan, àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà níbùú, ọgọ́rùn-ún lóòró. Òjò ọjọ́ Jímọ̀ yẹn á da omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 87,000 lé e lórí: tànkà onílítà 10,000 mẹ́jọ, ìkẹsàn-án sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí plọ́ọ̀tì náà jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ ń mu nínú rẹ̀, gbòǹgbò ń mu, ìyókù ń rọra ṣàn lọ. Ní báyìí páànù bo ìdajì, intálọ́ọ̀kì bo ìyókù, torí ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan táyà jíìpù. Ilẹ̀ kò rí ẹ̀kán omi kan mu. Páìpù gba abẹ́ fẹ́ǹsì jáde, gbogbo rẹ̀ di ti títì. Igba ilé ń ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò kan ṣoṣo, inú gọ́tà tí wọ́n ṣe nígbà tí ilé ibẹ̀ ò ju ogún lọ ni wọ́n sì ń dà á sí. Wọ́n wá ń bi ara wọn pé kí ló ń ṣe òjò ìsinyìí.

Ká má purọ́, ìjọba ń ṣe gọ́tà. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là nítorí omíyalé Ìbàdàn, wọ́n sì fi ṣe afárá, wọ́n fi tún Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Mi ò ní bú iṣẹ́ yẹn. Gọ́tà àdúgbò ni kí ẹ wá wò. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí i, torí ta ló máa wọ agbádá aláàárì wá sínú òjò? Lẹ́yìn tí àwọn onílù bá ti lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Etí rẹ̀ ga ju títì lọ, omi títì wá dúró síta, ó ń wo inú gọ́tà gbígbẹ. Ihò tó yẹ kí omi gbà wọlé, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta ti tó o dí. Ẹ tẹ̀ lé e lọ síwájú: ó kọjá ilé káńsílọ̀, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó yà sápá òsì, ó sì dúró gbagidi nídìí fẹ́ǹsì ẹnìkan. Kò sí odò níbẹ̀, kò sí ọ̀sà. Ibi tí owó parí sí ni gọ́tà parí sí.

Lẹ́yìn ọdún kan ó ti kún fún yanrìn. Àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n kó ẹrẹ̀ jáde látàárọ̀, wọ́n tò ó jọ sétí gọ́tà náà gan-an, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ọkọ̀ tó máa wá kó o wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Òjò alẹ́ ọjọ́ yẹn kò dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì, ó gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, owó náà sì gbọ́dọ̀ jáde lákọ̀tun.

Bí ẹ bá ní kí ẹ mọ onílé tó yẹ kó kọ̀ fún àgbàrá, ẹ ó rìn gan-an. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi gọ́tà àti pàǹtí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Odò tó bá la ìpínlẹ̀ méjì kọjá, Àbújá ni olówó rẹ̀. Omi òjò kan náà wá ń ti ọwọ́ onílé kan bọ́ sí ti òmíràn kó tó dé òkun, kò sì sí èyí tó rí i nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé owó ìwé ilẹ̀ jáde kí ẹ wò ó, onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pésẹ̀ kí ẹ tó kà á tán.

Èkó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ pẹlẹbẹ, bí ọ̀sà bá kún, gọ́tà ò ríbi tú sí, omi á dúró sójú títì dìgbà tí ọ̀sà bá fà. Àwọn aláṣẹ á ní ìyẹn kì í ṣe omíyalé, omi tó ń kọjá lọ ni. Ẹni tí omi bá lórí bẹ́ẹ̀dì lè fara balẹ̀ o, wọ́n ti sọ fún un pé ohun tó ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lọ kì í ṣe omíyalé. Àkùrọ̀ tó ń gba omi dúró fún ìlú ní apá Lẹ́kí, wọ́n da yanrìn dí i, wọ́n wá fi adágún àti etídò sọ ẹ́sítéètì ibẹ̀ lórúkọ, kí ẹni tó ń rà á má baà ní wọn ò kìlọ̀ fún òun. Ní 2023 àti 2024, ìjọba Èkó gbé katapílà dé etí odò Ìkọ̀tá, wọ́n wó ilé tó dí ojú omi. Onílé ní òun ní ìwé, ìjọba ní kò yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn méjèèjì lè jàre. Ẹni tó lu òǹtẹ̀ nìkan ni mi ò tíì gbọ́ pé katapílà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà kan rí, wolé-wolé wà. Á wọ kákí, á yọjú sínú ìkòkò omi láti wá tanwíjí, á yọjú sí ojú àgbàrá, ìyá tó bá sì gbọ́ pé ó ti dé òpin àdúgbò á gbálẹ̀ dé ìdí ògiri. Láyé Buhari àti Idiagbon, àwọn ológun dá Sátidé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wákàtí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde nílé. Ọ̀pọ̀ ló ń fi wákàtí mẹ́ta náà sùn, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, ṣùgbọ́n a máa ń rí ẹni tó ń kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ìjọba Èkó fòpin sí i ní 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ní wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti há èèyàn mọ́lé. Mi ò bá adájọ́ jà, ẹjọ́ náà tọ́. Àmọ́ òmìnira tí a gbà, òde àríyá la gbé e lọ.

Ẹ dúró sí àdúgbò yòówù tí òjò bá ń ṣú, ẹ ó gbọ́ ohùn kan láti kíṣínì: "Bísí! Ṣé o ò rí i pé òjò ti dé ni? Gbé pàǹtí yẹn wá kíá, kí àgbàrá tó lọ!" Bísí á dà á sójú omi: ike, ọ̀rá, páálí, pámpáàsì. Ọ̀fẹ́ ni. Akólẹ̀kódọ̀tí ń gbowó lóṣooṣù, àgbàrá ò gba kọ́bọ̀. Pàǹtí Bísí lọ dúró sábẹ́ afárá tó wà nísàlẹ̀, níbi tí àbúrò ìyá rẹ̀ ń gbé. Lálẹ́, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi ti wọlé wa o!"

"Háà! Ìjọba yìí ò kúkú ṣe dáadáa."

Ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kó fo yín ru. Ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì dìde, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu: "Bàbá Alága, ẹ má bínú sí mi. Ibi tí ilé yín kejì wà yẹn, ibẹ̀ ni omi ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Alága ní, "Ẹ ṣé, Ẹnjiníà, ẹ jókòó. Ta ló tún lọ́rọ̀?" Wọ́n fẹnu kò pé kí kálukú fi búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lé fẹ́ǹsì rẹ̀, kí àwọn ayálégbé sì dá owó síméńtì. Fẹ́ǹsì ga, omi yà sí òpópónà kejì. Àwọn ti òpópónà kejì náà ti ń ra búlọ́ọ̀kù.

Kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa X gbàgàdà sára fẹ́ǹsì Alága. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní omi tútù mu. Lọ́jọ́ kejì ó ra ọ̀dà funfun gálọ́ọ̀nù méjì, ó kùn ún títí X fi di àwátì, ó sì kọ owó rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, ní abẹ́ iṣẹ́ àgbàrá.