Ẹ Sáà Kọ Plateau Síbẹ̀

Tí ilé-ìwé bá wọlé lóṣù Kẹsàn-án, ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù tó máa ń fún ìyá ọmọ lẹ́nu bodè ní ẹ̀fọ́rí ju owó yúnífọ́ọ̀mù lọ. Orúkọ ọmọ kò le. Ọjọ́ ìbí, bí kò bá tilẹ̀ dá a lójú, á ní ìgbà tí wọ́n ń ya àgbàdo ni. Ẹ̀sìn, kí wọ́n tó bèèrè tán ló ti dáhùn. Tó bá wá kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ti wá, bírò ọ̀gá ilé-ìwé á dúró lókè, ìyá á sì máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, torí ará Pobẹ̀ ni bàbá ọmọ, oko ẹ̀gẹ́ ló wá dá sí ìtòsí Ọjà-Ọ̀dàn. Ìmọ̀ràn mi fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò gùn: ẹ sáà kọ Plateau síbẹ̀. Irọ́ kọ́. Láti ọdún 1999 tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti pín ara rẹ̀ sí ẹ̀ka méjìlá, Plateau ni orúkọ ẹ̀ka tí Pobẹ̀, Kétu, Ṣakẹ́tẹ́ àti Ìfọ̀nyìn wà. Ọ̀gá á rò pé Plateau ti Jọ́ọ̀sì ni, á ní "Háà, ẹ mà rìn o", á lu òǹtẹ̀, ọmọ á wọ kíláàsì. Ẹ wá wo bí fọ́ọ̀mù yìí ṣe gbọ́n tó. Ọmọ tó ti Jọ́ọ̀sì wá, tó fi odindi ọjọ́ kan jókòó nínú mọ́tò, tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú Yorùbá, onílé ni. Èyí tó ti Pobẹ̀ gun ọ̀kadà dé, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ọ̀gá, àjèjì ni. (Mi ò ní kí wọ́n lé ọmọ Jọ́ọ̀sì o. Kó jókòó ti àga rẹ̀.)

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé ní Paris lórí bí wọ́n ṣe máa pín ilẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ọmọ ogun Dahomey ti run Kétu, kò sì sí ẹni tó bi ará Kétu léèrè ibi tó fẹ́ sùn sí. Ààfin Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n jẹ́ ti Kétu látilẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ fi gbèjà ọmọ Pobẹ̀, torí pé òyìnbó ló pín wa ti di orin tí gbogbo ẹnu ń kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpínyà ló wúlò jù. Faransé ń kó èèyàn ṣiṣẹ́ tipátipá, ó ń gba owó orí, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní sì dé lọ́dún 1914, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọkùnrin lọ sójú ogun. Àwọn Ọ̀họrí, ẹ̀yà Yorùbá kan lábẹ́ Faransé, yarí, wọ́n bá a jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, tí wọ́n rékọjá sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ abúlé dó. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti tú iṣu ọ̀rọ̀ náà désàlẹ̀ ìkòkò nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ òyìnbó. Ọmọ-ọmọ àwọn tó sá wá nígbà náà ló ń gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní káńsù lónìí. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ abúlé Yewa Àríwá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín onílẹ̀ àti àjèjì kò ju pé bàbá bàbá ẹnì kan tètè sáré.

Ẹni tó mọ òfin á ní kí n rọra. Ó tọ́. Abala 25 nínú ìwé òfin 1999 kò sọ ọmọ di ọmọ Nàìjíríà torí pé ọsibítù Ìlaròó ló ti ké ẹkún àkọ́kọ́. Òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Mi ò bá ìyẹn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò béèrè ìwé ìrìnnà, kò sì du ipò gómìnà. Àga ló ń wá. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 sì ti ní kí gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó jẹ́ dandan, fún gbogbo ọmọ tó bá tó wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Gbogbo ọmọ ni wọ́n kọ, wọn ò yọ Pobẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ló ń fojú àánú wo ìyá, tí wọ́n ń fo ìlà náà kọjá. Ọlọ́run á san án fún wọn. Àmọ́ ọmọ tó fi àánú wọ kíláàsì kìíní á tún bá ìbéèrè náà pàdé nínú ìdánwò ìwọlé sí girama ìjọba àpapọ̀, níbi tí máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ ti ń tẹ̀lé ìpínlẹ̀ tó kọ sílẹ̀.

Wọ́n á ní owó ìjọba kò tó. VAT ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kì í bi bàbá ọmọ náà léèrè ìpínlẹ̀ tó bá ń ra sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni agbowó ọjà kì í wo ìwé ìbí kó tó já tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyàwó rẹ̀. Àpò UBEC sì wà l'Ábùjá tí ìjọba àpapọ̀ ń dá owó sí fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ mú nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wá kún un. Ọ̀kẹ́ àìmọye bílíọ̀nù ló ti sùn síbẹ̀ torí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò mú tiwọn wá. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí òrùlé ilé-ìwé abúlé fi ń jò, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í jẹ páànù.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé bí a bá gba ẹyọ ọmọ kan, gbogbo Bẹ̀nẹ̀ á tẹ̀lé e wọlé. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti di ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti 2006; ta ni yóò kúrò nídìí ọ̀fẹ́ wá bá ọ̀fẹ́, bí kò ṣe ẹni tí oko rẹ̀ wà níbí? Bodè wo gan-an la sì ń ṣọ́? Oṣù Kẹjọ 2019 ni ìjọba ti bodè pa, ọdún 2022 ni wọ́n tó ní kí wọ́n ṣí Ìdí-Ìrókò. Láàárín ìgbà náà, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo wá sí ilé epo tí kò bá jìnnà tó ogún kìlómítà sí bodè. Síbẹ̀, ìrẹsì ń wọlé, epo ń jáde, àwọn ará ọ̀hún ń tà á nínú ìgò létí títì, wọ́n ń pè é ní kpayo. Ká ní àpò ìrẹsì ni ọmọ yìí, fàyàwọ́ á ti gbé e dé Ìlaròó kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè ìjọba ìbílẹ̀. Àwa náà kò ṣáà jókòó sílé. Àwọn ọmọ wa rọ́ lọ sí yunifásítì aládàáni ní Kútọnu, títí oníròyìn kan fi gba dìgírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ìjọba àpapọ̀ sì sáré dá ìwé ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró ní oṣù Kìíní 2024. Wọ́n gba ọmọ tiwa láìbéèrè ìpínlẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ béèrè bóyá ó kàwé.

Ti èdè nìkan ni mo rí bí àtakò gidi. Ọmọ tó ti dé CE1, ìyẹn kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, á ti máa ka Faransé, tíṣà tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kò sì ráyè ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà wọ́gi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti ọjọ́ náà, ọmọ Ìlaròó àti ọmọ Pobẹ̀ ti di ẹgbẹ́: àwọn méjèèjì ló jọ ń bá èdè àlejò pàdé ní kíláàsì.

Àwọn tó le jù lórí ìlà fọ́ọ̀mù yìí ni àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n ní Houston àti àbúrò ní Peckham. Ní 1975, ìpínlẹ̀ Texas ṣòfin tó jẹ́ kí ilé-ìwé ìjọba lè ti ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú síta. Ní 1982, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà ní kò ṣeé gbọ́. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò ni wọ́n pẹjọ́, àmọ́ àwọn èèyàn wa kò kọ̀ láti jẹ nínú rẹ̀. Ní 2016, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ilé-ìwé máa kọ orílẹ̀-èdè tí ọmọ ti wá sílẹ̀. Ariwo ta, wọ́n sì jáwọ́ ní 2018. Ṣé a tilẹ̀ rántí bí àwa fúnra wa ṣe ṣe sí àjèjì? Nígbà tí ilé-ìwé Comprehensive ti Ayétòrò bẹ̀rẹ̀ ní 1963, owó Amẹ́ríkà ló gbé e ró, àwọn ará Harvard ló sì wá ràn án lọ́wọ́, a ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí òyìnbó mú ìwé ìbílẹ̀ Massachusetts wá kí wọ́n tó fún un ní ṣọ́ọ̀kì.

Kó tó di oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀, ẹni tó ń tẹ fọ́ọ̀mù lè tún un tẹ̀. Kí orúkọ wà níbẹ̀, kí ọjọ́ orí wà, kí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Níbi tí ìpínlẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù òbí sí i, kí àyè rẹ̀ fẹ̀ tó MTN ti ibí àti MTN ti ọ̀hún, torí pé ọjọ́ tí ibà bá dá ọmọ náà gúnlẹ̀ ní kíláàsì, kò sí tíṣà tó máa pe ìjọba ìbílẹ̀.