Oríkì Ẹrù Àkọ́rà, Ọba Tó Gba Yàrá Màmá

Kábíyèsí o! Ẹrù Àkọ́rà, ọlọ́lá inú páálí, a-kún-yàrá-má-kún-àpò! Ẹnu ọ̀nà ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, nítorí inú yàrá kò gba ìdọ̀bálẹ̀ mọ́. Ìwọ lo gbà á. Bẹ́ẹ̀dì Màmá ti jáde sí pálọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ wọn wà nínú Ghana-must-go lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná. Ogun wo lo jà? O ò yọ idà, o ò yin ìbọn. Wọ́n já ọ sílẹ̀ ní gáréèjì, ọlọ́kadà kó ọ wálé, a ní kí o jókòó, o sì jókòó. Kí Akirè, ọba wa, pẹ́ lórí ìtẹ́ ní Ìkirè níbí, kí Alápòmù pẹ́ ní Àpòmù. Àwọn a máa jáde lọ́jọ́ ọdún kí ará ìlú rí wọn. Ìwọ kì í jáde.

Mo kí ọ, ọ̀ọ́dúnrún bílẹ́ńdà alágbèéká! Ọmọ oníke pupa rẹ́súrẹ́sú, ọmọ oníke aláwọ̀ ewé, ọmọ aláwọ̀ àlùkò tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè! Ọmọ Guangdong, níbi tí wọ́n ti ń rọ nǹkan tọ̀sán-tòru. Ọmọ a-gbojú-òkun-wá! Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó wà nídìí rẹ ni kò jẹ́ kí àwọn oníbàálù fẹ́ gbé ọ, wọ́n ní o lè gbiná lójú ọ̀run. O fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta rìn lórí omi. Nígbà tí a san owó rẹ ní May 2023, nǹkan bí ₦460 ni ìjọba ń pa dọ́là kan. Kí o tó gúnlẹ̀ sí Àpápá, CBN ti tú náírà sílẹ̀ ní June, dọ́là ti kọjá ₦700, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni aṣojú tó kó ọ wá fi ń ṣírò owó ọkọ̀ rẹ. A-tòkèèrè-gbówó-lérí! Gbogbo àlejò ló ń mú nǹkan bọ̀ wá fún onílé. Ìwọ mú rìsíìtì bọ̀.

Ta ló tilẹ̀ bí ọ? Ẹ̀dínwó ni bàbá rẹ, Ojúkòkòrò sì ni ìyá tó pọ̀n ọ́. Ẹni tó tà ọ́ kọ ọ́ sójú fóònù gbangba: ẹni tó bá ra ogún, iye báyìí, ẹni tó bá ra ọgọ́rùn-ún, ó wálẹ̀, ẹni tó bá ra ọ̀ọ́dúnrún, ó wálẹ̀ pátápátá. Ká ní ₦4,000 ni ẹyọ kan fún ẹni tó ra ogún, ₦2,600 fún ẹni tó ra ọ̀ọ́dúnrún. Ọmọ Màmá tó rà ọ́ kò tíì ta ẹyọ kan rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ₦1,400 tó máa jẹ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń wò, ojú rẹ̀ tàn. Kò wo ₦780,000 tó máa wọ inú páálí lọ sùn. ₦80,000 ni ogún ì bá gbà. Bí wọn kò bá tà, à bá fi wọ́n ta àwọn ẹbí lọ́rẹ níbi ìgbéyàwó kan tàbí méjì, ọ̀rọ̀ a sì tán. Ta ló fẹ́ ṣègbéyàwó tí yóò gba ọ̀ọ́dúnrún? A-fi-ẹ̀dínwó-gbówó-ìní, mo júbà!

Màmá ló kọ́kọ́ dán ọ wò. Wọ́n ju ata rodo mẹ́ta sínú rẹ, wọ́n fi tàtàṣé kan àti ìdajì àlùbọ́sà lé e, wọ́n dé ọ, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. O kùn yùùn. Abẹ rẹ, tí kò fẹ̀ ju èékánná ọmọdé lọ, yí díẹ̀, ó há sára èèpo tàtàṣé. Iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. O dákẹ́. Màmá ṣí ọ, wọ́n wo àwọn rodo náà bí Ọlọ́run ṣe dá wọn.

“Ọmọ mi, ṣé èyí ni wọ́n ń pè ní bílẹ́ńdà?”

“Màmá, èso ló wà fún.”

“Èso? Ẹnu la fi ń jẹ èso.”

Háà, akọni! Ní Àpòmù tó múlé gbè wá yìí, ọjà ńlá ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ọ̀yọ́ ń ná an, Ifẹ̀ ń ná an, Òwu àti Ìjẹ̀bú náà ń ná an. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, kà á mọ́ ohun tó fa ogun Òwu pé aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ataare nínú ọjà yẹn. Ogun náà kò dáwọ́ dúró títí Òwu fi tú. Ataare tú ìlú. Ìwọ, rodo mẹ́ta ló ṣẹ́gun rẹ.

Ìlúmọ̀ọ́ká orí WhatsApp! Láàárọ̀ a gbé ọ sí status, lálẹ́ a gbé ọ sí Facebook, ìgbà tó di ọjọ́ Sátidé a fi orin sí ọ lẹ́yìn. Ẹnìkan bèèrè pé, “Àǹtí, jálẹ̀jálẹ̀ elòó ni?” A dá a lóhùn, ó wọlẹ̀ lọ. Òmíràn ní ṣé o ń lọ ẹ̀wà àkàrà. Ẹ̀gbọ́n kan láti Gbọ̀ngán ní ká kọ́kọ́ gbé ọ wá, kí òun lò ọ́ wò ná, tí ó bá tẹ́ òun lọ́rùn òun á sanwó lóṣù tó ń bọ̀. Láti 2012 tí Jumia àti Konga ti dé, gbogbo ẹni tó ní fóònù ló ti di ọlọ́jà. Oníbàárà ló ṣọ̀wọ́n.

O ò jẹ iyán, o ò jẹ àmàlà. Iná lò ń jẹ, olówó orí ẹ̀rọ! Bátìrì irú tìrẹ, tí a bá fi í sílẹ̀ tipẹ́ láìfún un níná, kíkú ló ń kú, kò sì sí ẹbọ tó lè jí i. Nítorí náà, nígbàkígbà tí NEPA bá mú iná dé, ọmọ náà á sáré, á tú ọ jáde ní márùn-ún-márùn-ún, á so ọ́ mọ́ ẹ́sítẹ́ṣọ̀n, á tún kó ọ padà. Ilé mìíràn ń fi iná lọṣọ. Ilé wa ń fi bọ ọ́. Òrìṣà tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, tó sì mọ ọjọ́ oúnjẹ rẹ̀!

Má rò pé o dá wà láyé. Ìran ńlá ni ìran rẹ. Àbúrò rẹ tó wà ní ilé ẹrù Amazon ń san owó ilé lóṣooṣù, owó náà a sì tún gbéra sókè láti October sí December. Ìwọ ń gbé lọ́dọ̀ Màmá lọ́fẹ̀ẹ́, o tún ń gba àyè àga. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí iléeṣẹ́ Atari ṣe ní Amẹ́ríkà, eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi fíìmù E.T. ṣe, pọ̀ débi pé ní 1983 wọ́n kó àìmọye rẹ̀ lọ sin sí ààtàn Alamogordo ní New Mexico. Ní 2014 àwọn ènìyàn lọ hú u jáde láti fi hàn pé òótọ́ ni. Òkú tó ní àlejò! Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ńlá ni Atari, ó ní ilẹ̀ tó lè fi sin àṣìrà. Ilẹ̀ tí Màmá ní, ẹ̀gẹ́ ló wà lórí rẹ̀.

Jẹ́ kí n fi ọ́ wé ẹni tó jù ọ́ lọ, kí oríkì má di irọ́ pátápátá. Ẹ̀bá títì tó ti Ìbàdàn wá tó ń lọ sí Ifẹ̀ ni ẹni náà wà, nínú ọ̀rá kékeré, ó dúdú, ó ta lẹ́nu: dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n ré kọjá, tí èèpo rẹ̀ ti ṣú, tí ẹlòmíràn ń wo ààtàn láti dà sí, lòun. Àwọn ìyá wa fi ata àti iyọ̀ pò ó, wọ́n dín in nínú epo pupa títí ó fi dúdú, orúkọ ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀ lẹ́nu ọlọ́kọ̀. Ọjà tó kù sílẹ̀ náà ni o! Ṣùgbọ́n ìyá tó ń dín dòdò mọ iye ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí agbada òun lè gbà kó tó nawọ́ sí àpò. Kò sí èyí tó lọ ra tírélà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé agbada kaná. Owó rẹ̀ ń jáde, ó ń wọlé, ó tún ń jáde. Tìrẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ti ilẹ̀kùn. Ìwọ náà tún wá burú sí i, nítorí a ò lè dín ọ.

Wọ́n ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ nínú pálọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní ká fi kún owó rẹ kí àwọn ènìyàn lè rò pé ojúlówó ni ọ́. Ọmọ náà ní ká dúró di Iléyá. Màmá ní gbàǹjo ni. Wọ́n ní tí ẹ bá ń dúró de èrè, bátìrì á kú, ẹ ó wá máa ta ife oníke. Ẹ̀yìn Màmá ni mo wà. Kì í sì í ṣe pé o ò wúlò rárá. Àwọn tí kò nílò rẹ la ń fi ọ́ hàn láti ọjọ́ yìí, a sì ń pè ọ́ ní bílẹ́ńdà lójú ìlú tó mọ ata.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tí ẹ wà ní ọgbà Ìkirè, tí ẹ ń gbé yàrá tí kò gba ìdáná, ẹ gbọ́: ó ń lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń lọ ìbẹ́pẹ, ó ń po mílíìkì, ẹ sì lè fi okùn fóònù yín fún un níná. Ẹ̀yin abiyamọ tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ, ẹ yà síbí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó tí ẹ ń wá ohun tí ẹ ó pín, ẹ̀yin gan-an là ń wá. Iye tó ná wa la ń tà á, a ò fi kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tó bá ra mẹ́wàá, aláwọ̀ àlùkò kan ni ènì rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá aláta Àpòmù, ẹ ṣe é, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má wulẹ̀ dúró. Ẹni yòówù kó wá, kó má mú rodo dání.