Sí Bọ̀dá Mi ní Lawanson, Ẹni Tí Inú Rẹ̀ Ń Tú Láṣìírí

Bọ̀dá mi,

Ìta ni mo kọ lẹ́tà yìí sí kí gbogbo Lawanson lè bá mi kà á, torí irọ́ tẹ́ ẹ ti pa fún wọn ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ ní eré òwúrọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sá ní sítédíọ̀mù Súrùlérè ló sọ yín di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ sáré gbẹ̀yìn? Àfi lọ́jọ́ dáńfó yẹn.

Ẹ mu mọ́ọ̀tì tútù kan, ẹ fi pọ́fù-pọ́fù mẹ́ta lé e, ẹ wọkọ̀. Ká tó dé Ojúẹlẹ́gba, òógùn ti bò yín, ẹ gbá orúnkún mi mú bí ẹni tó ń rọbí. Ẹ pariwo, "Ó wà o!" Kọ̀ńdọ́ ní, "Dádì, kò sí bọ́sítọ́ọ̀pù níbí." Ẹ ní, "Inú mi ló wà!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń torí ṣéńjì àádọ́ta náírà fa kọ̀ńdọ́ láṣọ ya, ẹ bẹ́ sílẹ̀, ẹ ò wẹ̀yìn.

Alẹ́ ọjọ́ náà lẹ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ rán ọmọ lọ ra àgbo wá ní Múṣín. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Inú tó ń ṣe gbuuru, ẹ tún fẹ́ fi àgbo ayagbẹ́ lé e? Òótọ́ ni pé ohun dídùn ló jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹ̀dí. Iṣẹ́ abẹ tẹ́ ẹ ṣe, èyí tó sọ yín di pẹ́lẹ́ńgẹ́ lóòótọ́, ti sọ agbẹ̀du yín di ohun tí kò ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n sì so ó mọ́ ìfun kékeré tààrà. Ẹnubodè tó ń tú oúnjẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ò sí lójú ọ̀nà mọ́. Ṣúgà já wọ ìfun gìrì, ó ń fa omi ara mọ́ra, àyà ń lù kìkì, inú ń dún. Ìṣẹ́jú 10 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ ti tó. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kan sí mẹ́ta, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, òòyì á wá dé.

Kí ló tiẹ̀ dé tẹ́ ẹ fi ń fi iṣẹ́ abẹ náà pa mọ́? Láti ọdún 1966, tí àwọn sójà kọ́kọ́ gbàjọba nílẹ̀ wa, ni àwọn dókítà Edward Mason àti Chikao Ito ti ṣe irú rẹ̀ ní Iowa l'Amẹ́ríkà. Maradona agbábọ́ọ̀lù ṣe tiẹ̀ ní Kòlóńbíà lọ́dún 2005, gbogbo ayé ló gbọ́. (Tiwa tí wọ́n ń pè ní Maradona ní Minna kọ́ ni mò ń wí o.)

Ẹ rántí aago méjì òru tẹ́ ẹ pè mí pé wọ́n ti fún yín ní májèlé jẹ, pé ìgbẹ́ yín dúdú bí èédú? Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa lò ni. Òun náà ló ń mú ìgbẹ́ le tẹ́ ẹ fi ń ti ara yín mọ́ ṣáláńgá títí ìyàwó yín á fi kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tó bá ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó ń rùn burúkú, ẹ má pè mí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ: ó lè jẹ́ egbò inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Egbò yìí ni mò ń sá fún tí mo fi ní kẹ́ ẹ gbàgbé ibuprofen tẹ́ ẹ ń jẹ bí ẹ̀pà.

Omi? Ẹ má fi ti oúnjẹ. Ó di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ máa tọ́ ọ lá díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹja àti ẹran ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ, kẹ́ ẹ rún un kúnná. Ní ti isó tẹ́ ẹ ń dì mọ́ ajá lọ́rùn, ẹ dín mílíìkì inú tíì kù ná, kí ajá sinmi.

Sátidé, ẹ wá bá wa jẹ àmàlà ní Yàbá. Mo ti ra abọ́ ọmọdé kan fún yín ní Tẹ́júoṣó, àwòrán ehoro wà nínú rẹ̀. Ṣàkì tó bá kù, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa nà án sí.

Èmi ni,
Àbúrò yín, alájẹkù ẹ̀gbọ́n