Òróòro Mi Ni, Kì Í Ṣe ti Àdúgbò

Bí àìsàn bá ṣe ènìyàn ní Ajangbadi l'Ékòó, ara rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ti àdúgbò ni. Láti ọjọ́ tí skáànù ti fi hàn pé òkúta wà nínú àpò òróòro mi ni onílé mi ti di dókítà. Ìyá alákàrà di dókítà. Ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sí Ìyànà-Ìbà di dókítà. Àbúrò ìyàwó mi tó ń kọ́ ìṣirò owó ní LASU, òun ni ọ̀gá gbogbo wọn. Dókítà tó kàwé fún un nìkan ni kì í pariwo.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má bẹ̀ mí wò o. Ohun tó ń dùn mí ni pé kí tèmi tó yọnu, kò sí ẹni tó mọ ibi tí òróòro ènìyàn wà nínú gbogbo wọn. Ti adìyẹ ni wọ́n mọ̀. Kò sí obìnrin ilé wa tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra yọ òróòro kúrò lára ẹ̀dọ̀ adìyẹ kó má baà bẹ́ sára ẹran. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo ní wọ́n fẹ́ yọ tèmi, ẹkún ni màmá mi bú sí: "Ọmọ mi, ìgbà wo lo rí adìyẹ tí wọ́n yọ òróòro ẹ̀, tó tún ń jẹ̀ kiri?" Mi ò rí èsì fọ̀. Lóòótọ́, mi ò rí irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìrora ọ̀hún náà kò mọ ìwà hù. Kì í wá lójú ọ̀sán tí ènìyàn á fi rí ẹni kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀. Òru ló máa ń dé, pàápàá bí mo bá fi ẹ̀wà àgànyìn tó rin gbingbin fún epo ṣe oúnjẹ alẹ́. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò gba ẹ̀yìn, yóò yọ sí èjìká, èébì yóò sì tẹ̀ lé e. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti lọ. N óò tún jókòó ti fíríìjì tí àwọn oníbàárà gbé wá fún mi láti tún ṣe, àwọn tó ń kọjá á sì ní, "Ẹni tó ní òun ò sùn mọ́jú náà rèé!"

Ọ̀gá kẹ́místì ní ọ́sà ni, ó ta oògùn funfun tí wọ́n ń mì kí wọ́n tó mu fún mi. Ìyá alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo ní, "Ìyá, ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí ń bá jà, ìhà ló ń dùn mí." Wọ́n ní ó ti ń gòkè bọ̀ ni. Wòlíì ní ẹnìkan nínú ẹbí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "A" ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Adé, Àìná, Àjàyí, Àbẹ̀kẹ́, Àlàní: ta ni n óò mú, ta ni n óò fi sílẹ̀? Orúkọ àdúgbò wa gan-an, "A" ló fi bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ló jókòó tó là á yé mi. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò tó ń bá wa lo ọ̀rá inú oúnjẹ, nǹkan bí ìdajì lítà sí odindi lítà kan lójúmọ́. Àpò òróòro kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń bá ẹ̀dọ̀ tọ́jú díẹ̀ pa mọ́ ni. Ohun tó ń gbà kì í sábà ju nǹkan bí 50 mílílítà lọ. Bí epo bá wọ ikùn, àpò yìí á fún ara rẹ̀, omi á sì tú sínú ìfun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní cholesterol bá pọ̀ jù nínú omi náà, á dì, á di òkúta. Ìgbàkígbà tí àpò bá wá fún ara rẹ̀, tí òkúta dí i lẹ́nu, ẹni tó ni ín kò ní sùn.

Onílé mi ní irọ́ ni, àrùn òyìnbó ni. Mo bi wọ́n pé àwọn ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ńkọ́, ṣé òyìnbó ni wọ́n? Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń tètè fọ́ ń di òkúta sínú òróòro wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ní in láti kékeré. Àwọn obìnrin ń ní in ju ọkùnrin lọ, pàápàá àwọn tó ti bímọ. Àwọn tó sanra ń ní in, àwọn tó sáré fọn náà kò sì bọ́. Onílé mi wo ikùn ara wọn, wọ́n yí ọ̀rọ̀ sí owó ilé.

Àbúrò ìyàwó mi ní kí n má jẹ́ kí wọ́n là mí. Ó ní kí n po òróró ólífì mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí n gbé e mu lóru, tó bá di àárọ̀, òkúta á máa bọ́ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, epo ló ń pa mí lẹ́kún, epo náà ni wọ́n ní kí n gbé dà sọ́fun! Mo bi dókítà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nǹkan aláwọ̀ ewé tí àwọn ènìyàn ń rí nínú ìgbẹ́ wọn lẹ́yìn irú oògùn bẹ́ẹ̀, ọṣẹ lásán ni, inú ìfun ni epo àti ọsàn ti para pọ̀ di í. Òkúta wà níbi tó wà.

Ìpinnu ló wá kù. Dókítà kò fipá mú mi. Ó ní ẹni tí wọ́n ṣèèṣì rí òkúta nínú rẹ̀, tí kò dùn ún rí, kó lọ jókòó sílé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni kò ní yọ lẹ́nu láé. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìjà sábà máa ń padà wá. Bó bá lọ há sójú ọ̀nà tó ti ẹ̀dọ̀ bọ̀, ojú á pọ́n bí ìyeyè, ibà á dé, ó sì lè di ọ̀ràn ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ yìí ló ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé mo mọ ọ̀nà wa. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà Badagry yìí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina, Mile 2 ló ti ṣẹ́rí padà, kò dé Ọ̀kọ́kọ́máíkò. Ta ló máa gbé mi dé ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà láàárín òru bí ojú mi bá pọ́n? Mo ní kí èmi fúnra mi mú ọjọ́, kí òróòro má baà bá mi mú un.

Owó ńkọ́? Òfin ọdún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, àmọ́ àpò ṣòkòtò mi ni adójútòfò tèmi. Mo pe ìpàdé ẹbí. Gbogbo wọn ló ní èrò, kò sẹ́ni tó ní náírà. Èsúsú tí mo ń dá ní ọjà Alábà ni mo kó.

Ẹ má rò pé Ajangbadi nìkan ni aládàásí wà o. Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ yọ àpò òróòro ènìyàn, nílùú Berlin, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje ọdún 1882, ọkùnrin tó yọ tirẹ̀ sì yè é. Nígbà tó di ọdún 1985, Erich Mühe, Jámánì bíi tirẹ̀, gba ojú ihò kéékèèké yọ ọ́ láìla ikùn yànnà. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 1992 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Jámánì tó wá fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Bí àwọn tó kàwé bá lè ṣe báyìí, kí ni n óò rí wí sí ọlọ́kadà?

Ojú ihò kéékèèké mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà yọ tèmi. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi fẹ ikùn mi kí wọ́n lè ríran, afẹ́fẹ́ ọ̀hún sì fi èjìká ríro sílẹ̀ fún mi fún ìgbà díẹ̀. Ìyá alákàrà ní, "Ṣé ikùn ni wọ́n ṣe ni àbí èjìká? Ẹ yẹ ara yín wò dáadáa o!" Màmá mi gba òkúta tí wọ́n kó fún mi nínú ìgò, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì ní, "Àbí ẹ ò rí ohun tí 'A' fi sí i nínú!" Wọ́n jó títí. Èmi tí wọ́n gún níhò, wọn ò dárúkọ mi nínú ọpẹ́ náà.

Àbí oúnjẹ ni kí n sọ? Dókítà ní kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kí n dín epo kù níbẹ̀rẹ̀, kí n sì máa padà sí oúnjẹ mi bí ara bá ṣe ń gbà á, nítorí pé ẹ̀dọ̀ á máa ro omi rẹ̀ tààrà sínú ìfun. Ìyàwó mi gbọ́ "dín epo kù," kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo dé òde ìyàwó kan ní Ìbà, gbogbo tábìlì ń fa ṣàkì àti bọ̀kọ̀tọ̀ ya, wọ́n gbé ẹ̀wà funfun báláú síwájú mi. Ẹni tó gbé e wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín." Lóòótọ́, inú máa ń tètè ṣí mi bí mo bá jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ẹni tó wà nínú dánfó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Badagry kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti ń dínkù, èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe alásè.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti gbèsè. Oníbàárà kan tí mo tún fíríìjì ẹ̀ ṣe ní kí n má kanra mọ́ òun, pé ẹni tí wọ́n ti yọ òróòro ẹ̀, ibo ló tún ti rí ìkorò? Mo ní, "Bọ̀dá, àpò ni wọ́n yọ. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ìkorò, ẹ̀dọ̀ mi sì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ mú owó mi wá."

Mo ń sùn lóru báyìí, mi ò kábàámọ̀. Ẹ̀yin tí ìhà ọ̀tún ń dùn lẹ́yìn oúnjẹ elépo, ẹ lọ ya skáànù, ẹ yéé mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, tí ibà bá mú un mọ́ ọn, kó má sùn sílé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dùn ún, kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ará àdúgbò mi, mo bẹ̀ yín: ẹni tó bá tún fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ikùn mi, kó mú owó wá kó tó mú ìmọ̀ràn wá.