Ìtọ́ni fún Ọ̀dẹ̀ Tó Fẹ́ Kọ́ Róbọ́ọ̀tì Oníjà ní Ọ̀tà

O kú oríire. O ti pinnu pé ìwọ náà máa kọ́ róbọ́ọ̀tì oníjà, o sì fẹ́ kó lójú, kó níwà, kí èrò tó bá rí i máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ibi tó yẹ lo wà. Irin kì í wọ́n ní Ọ̀tà: àwọn onípàǹtí ń kó o lójoojúmọ́ lọ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ ọ, àwọn jórinjórin sì wà káàkiri láti Sango dé Ojú-Ore. Bó o bá ń wá ẹni tó mọ̀wé ẹ̀rọ, Yunifásítì Covenant ti wà níbẹ̀ láti 2002, Bells náà ò sì jìnnà. Làákàyè nìkan ló kù, a ó sì ṣe é láìsí i.

Nítorí àwọn tí kò tíì rí i rí: ẹ̀rọ tí èèyàn ń fi rìmóòtù darí láti òkèèrè ni róbọ́ọ̀tì oníjà. Méjì ni wọ́n ń jù sínú àgò tí wọ́n fi ike tó nípọn tó mọ́ gaara ṣe. Wọn a jà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, èyí tí kò bá lè rìn mọ́ ti fìdí rẹmi. Bí méjèèjì bá ṣì ń rìn, adájọ́ á dá a. Ọdún 2000 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti BattleBots hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó wúwo jù níbẹ̀ lónìí kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 113 lọ, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì méjì àti díẹ̀ lé. Fi iye yẹn sọ́kàn. Tàbí kó o gbàgbé rẹ̀, ṣebí ọ̀dẹ̀ ni ẹ́.

Orúkọ ni kó o kọ́kọ́ mú, kó o tó mọ ohun tí ẹ̀rọ náà máa fi jà. Níwọ̀n bó o ti ń gbé Sango, pè é ní Ṣàngó. Kùn ún ní pupa àti funfun, ya iná sí i lẹ́nu, kó o wá fi irin pẹlẹbẹ kan síwájú rẹ̀ tó jẹ́ pé títì nìkan ló lè ti ọ̀tá. Má wulẹ̀ ronú kan oṣé. Oníṣẹ́ tó gbọ́n ì bá ti rí i pé oṣé fúnra rẹ̀ ni ohun ìjà: àáké olójú méjì lórí apá kan, tí gáàsì ń fi agbára jù síwájú, bó bá lu ọ̀tá níwájú, ojú kejì ti wà ní sẹpẹ́ fún ẹni tó bá gba ẹ̀yìn yọ. Bí apá yẹn bá ti nà sókè, ọmọ Sango wo ló tún ń dúró kí wọ́n kọ orúkọ sí i lára? Àwọn ará Bìrìtìkó ti ṣe irú rẹ̀. Nínú Robot Wars tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1998, ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ Thor, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá Yúróòpù nígbà láéláé; òòlù ni wọ́n sì fi sí i lọ́wọ́. Àwọn ará Bràsíl tó kọ́ Minotaur, ọkùnrin olórí màlúù inú ìtàn Gíríìkì, fi irin rìbìtì kan síwájú rẹ̀ tó ń yí kíkankíkan. Bó bá ti ń yí, á máa bú ramúramù, ìbú yẹn ló sọ ọ́ di màlúù. Làálàá àwọn tó lọ́pọlọ nìyẹn. Ìwọ, ọ̀dà ni kó o lọ rà.

Ó wá kan ojú. Ṣe é ńlá, fi eyín méjìlélọ́gbọ̀n sí i, fi fáìbà ṣe é, kó o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú gan-an níbi tí ọ̀tá máa kọ́kọ́ gbá. Lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́, Ṣàngó rẹ á ti kásẹ̀ eyín ńlẹ̀. Má sì lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rárá. Ó pẹ́ tí àwọn Àwórì Ọ̀tà ti ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń jó o. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní ogún aráyé ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008. Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ṣùgbọ́n ìran kọ́ lò ń wá, àbí? Ohun tó o máa rí níbẹ̀ lè ba ètò wa jẹ́. Orí ni wọ́n ń gbé igi náà lé, aṣọ ló bo ojú oníjó. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sí i tutù, kò bínú, kò lejú mọ́ ẹnikẹ́ni. Òkè orí náà ni wọ́n to ọ̀rọ̀ sí: ejò, ẹyẹ, alùpùpù, kódà ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹni tó dúró lẹ́yìn èrò lè rí i. Ẹsẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Ìlù á pè, ṣaworo ẹsẹ̀ á dáhùn, igi tí kò mira á wá di ẹni tó ń ṣe fàájì lójú gbogbo wa. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn á lọ fi àmì sí òkè ẹ̀rọ rẹ̀, níbi tí kámẹ́rà ń wò tí ohun ìjà kì í sábà dé, á sì jókòó ti rìmóòtù títí yóò fi mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yan. Ta ló nírú àkókò yẹn?

Lẹ́yìn náà, kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Dúró lábẹ́ bíríìjì Sango fúngbà díẹ̀, gbogbo trélà, tíípà àti dáńfó tó bá kọjá á fún ẹ lọ́rọ̀: àdúrà, òkò ọ̀rọ̀ fún ọ̀tá, orúkọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dára lára ọkọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń fún èèyàn láyè láti kà á. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nínú àgò. Nítorí náà, bó o bá yí èrò padà tó o fi abẹ irin tó ń yí sí i, kọ Sáàmù kan látòkè délẹ̀ sára abẹ náà, kí ẹnikẹ́ni má lè rí lẹ́tà kan kà. Ilà funfun kan ṣoṣo ì bá di òrùka lójú èrò, ọ̀tá ì bá sì ti ibẹ̀ mọ̀ pé ikú ti ń yí, àmọ́ ilà kan kéré sí ọ̀gá bíi tìẹ.

Má gbàgbé iná. Òfin ìdíje ní kí gílóòbù kan máa tàn nígbà tí agbára bá wà lára róbọ́ọ̀tì, kí ẹni tó fẹ́ wọlé lọ pa á lè mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Fi iná Kérésì yí i ká, kó máa ṣẹ́jú pàkàpàkà, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tó jẹ́ ti òótọ́. Ìka mẹ́wàá pọ̀ jù fún ọ̀dẹ̀.

Ó ku iwo, ìrù àti apata. Wo Sir Killalot ti Robot Wars, jagunjagun onírin tó gbé ọ̀kọ̀ dání, tó wúwo ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé òun kì í ṣe olùdíje, pé ti àwọn onílé ni, òfin ìwọ̀n kò sì mú un. Tìẹ, àtọ̀dà, àti fáìbà, àtìwo ni wọ́n máa wọ̀n papọ̀. Bó bá lé ní 113, yọ bátìrì, fi iwo sílẹ̀. Kò ní lè rìn, àmọ́ fọ́tò rẹ̀ á dára. Tètè pe onífọ́tò kí wọ́n tó wọ́ ọ jáde.