Ojú Ewúrẹ́ àti Ojú Réfúrì

Ní Súrùlérè, àríyànjiyàn méjì ni kì í tán: ta ló mọ bọ́ọ̀lù jù, àti ibo ló dùn jù lára ẹran. Pápá ìṣeré ńlá tó wà láàárín wa ló fa ti àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá góòlù méjì wọlé Algeria lọ́dún 1980, tí Múdà Lawal fi ẹyọ kan lé e, tí ife Áfíríkà fi di tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ti èkejì, ọ̀fun wa ló fà á. Bu ẹran lásán sórí àmàlà fún ará Èkó, yóò wò ọ́ bí ẹni tí o bú bàbá rẹ̀. Orísirísi ló ń fẹ́: ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, àbọ̀dí, kíndìnrín, àti pọ̀nmọ́ tó nípọn dáadáa. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria ní àwọn fẹ́ kí wọ́n ṣòfin tí yóò dá pọ̀nmọ́ jíjẹ dúró kí awọ lè ráàyè di bàtà, ọjọ́ náà ni olólùfẹ́ Arsenal àti ti Chelsea ládùúgbò wa kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n ní kí bàtà lọ wá oúnjẹ tirẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, mo ka ara mi sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé ọtí kan lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gbà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ náà, láìgba owó oṣù. Àwa mẹ́rin la máa ń yí tábìlì kan ká. Àgbà wa ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà ní pápá lọ́jọ́ ti 1980, tí kò sì jẹ́ kí a gbàgbé. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọ Nnewi, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀. Bọ̀dá kan sì wà tó ń gbé Amẹ́ríkà, tó máa ń wá lo ìsinmi. Bọ̀dá Denver la ń pè é. Ẹni kẹrin ni èmi, ẹlẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Kejì, 2000. Àṣekágbá ife Áfíríkà, Nàìjíríà àti Cameroon, nínú pápá tó wà nítòsí wa níbẹ̀. Julius Aghahowa ti bá wa lé Senegal lọ sílé, Tijani Babangida sì ti gbá méjì wọlé South Africa. Ta ni Cameroon? Láti àárọ̀ ni mo ti ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé ní ìbéèrè yìí.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ sórí oúnjẹ. Bọ̀dá Denver ló fà á. Ó ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá ni wọ́n ń wò lọ́dọ̀ àwọn, tí wọ́n ń pè ní béésìbọ́ọ̀lù. Pé ní pápá Coors Field tó wà nílùú wọn, wọ́n máa ń bó kórópọ̀n akọ màlúù, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á yí i ní fúláwà, wọ́n á dín in, àwọn èèyàn á sì tò láti rà á. Orúkọ ẹran inú òkun ni wọ́n fi bò ó láṣìírí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “ṣé ìyàn mú lọ́hùn-ún ni?”

Bàbá gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní màmá àwọn máa ń fi kànní sí ẹ̀gúsí, kòkòrò tó ń jẹ ewé igi òrí, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń tà lọ́jà ní apá Kwara. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí àga, mo ní, “Bàbá, ẹ foríjì mí o, adìẹ ló ń jẹ kòkòrò.” Mo tún búra pé kò sí òǹwòran kankan láyé tí yóò fi owó ra kòkòrò jẹ níbi eré. Láti 2017, wọ́n ń ta tata yíyan, tí wọ́n fi ata àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí, ní pápá béésìbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Mariners ní Seattle. Ó tà débi pé wọ́n fi òdiwọ̀n sí i, àwo 312 péré fún eré kọ̀ọ̀kan, ní ìrántí Edgar Martinez, àgbà eléré wọn tí òǹkà bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́ .312. Ibi tí ìbúra mi já sí nìyẹn.

Fùkù, ìfun àti ikùn màlúù ló wà nínú àwo tèmi bí mo ṣe ń bú gbogbo wọn yìí.

“Ìsí ewu ńkọ́?” ni ọ̀rẹ́ mi ará Ládípọ̀ bi mí.

“Orí ewúrẹ́ tó ń wo èèyàn lójú? Ẹni tó bá jẹ ojú, kí ló kù tí kò ní jẹ?”

“Sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́.”

Ẹ̀rù? Èmi tí wọ́n bí ní Muṣin? Mo dìde, mo fi ọwọ́ lu àyà, mo sì sọ ọ́ sétí gbogbo ilé ọtí pé bí Cameroon bá fi lè gba ife yìí, kí wọ́n gbé ojú ewúrẹ́ méjèèjì wá, màá jẹ wọ́n láìmu omi. A fi Bàbá ṣe réfúrì.

Kí ìdajì wákàtí tó kọjá dáadáa, Eto'o ti gbá ọ̀kan wọlé, Mboma ti gbá èkejì. Mo jókòó. Chukwu dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ sinmi, Okocha dá èkejì padà ní kété tí wọ́n dé. Mo tún dìde. Wọ́n gbá a títí, méjì sí méjì, ó di wò-mí-n-gbá-sí-ọ. Kanu pàdánù tirẹ̀. Victor Ikpeba gbá tirẹ̀, ó ba irin òkè, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó sì ta padà síta. Mourad Daami, réfúrì ará Tùnísíà, ní kò wọlé. Tẹlifíṣọ̀n tún un fi hàn: ó wọlé kedere. Màdáámù tó wà nídìí ìkòkò rí i. Ẹni kan ṣoṣo tí kò rí i ni ẹni tí fèrè wà lẹ́nu rẹ̀. Rigobert Song gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, ife di ti Cameroon.

Ilé ọtí dákẹ́. Omijé wà lójú ọ̀rẹ́ mi ará Ládípọ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni, kì í gbàgbé gbèsè. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó pariwo, “Màdáámù! Ìsí ewu kan!”

Mo ní Ikpeba gbá a wọlé, nítorí náà Nàìjíríà ló gba ife, nítorí náà n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bàbá mi orí. “Ohun tí réfúrì bá ti wí, abẹ gé e.”

Wọ́n gbé e dé nínú ọpọ́n igi. Epo tí wọ́n fi káún pò ti ki, àlùbọ́sà wà lókè, utazi tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Ojú méjèèjì wà láàárín, wọ́n ń wò mí. Mo di tèmi. Mo sọ ọ̀kan sẹ́nu, mo dé e léyín, ó yọ̀, ó ta jáde, ó ba etí ọpọ́n, ó sì já sínú kọ́ọ̀bù bíà Bàbá.

“Ó ti wọlé!” ni mo pariwo. “Ó kọjá eyín mi kó tó jáde!”

Ilé tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ búgbàù. Ọ̀rẹ́ mi fi igi ìtayín ṣe ìlà lórí tábìlì, ó fi ẹ̀pà ṣe bọ́ọ̀lù, ó ń ṣàlàyé fún àwọn tábìlì kejì pé kò kọjá ìlà. Mo pe ẹlẹ́rìí, kò sí ẹni tó jẹ́rìí. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí Ikpeba ń jẹ lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá Denver bá mi bẹ̀bẹ̀: ó ní nínú béésìbọ́ọ̀lù, ìgbà mẹ́ta ni ẹni tó di igi mú lè ṣi bọ́ọ̀lù gbá kí wọ́n tó lé e kúrò. Bàbá ní ó dáa, kí n gbìyànjú ojú kejì.

Mo jẹ èyí. Ara rẹ̀ rọ̀, ọ̀rá pọ̀ lára rẹ̀, kí n má parọ́, kò burú. Àfi ìgbà tí mo dé àárín, tí ohun kan tó le bí ìlẹ̀kẹ̀ há sí mi lọ́fun. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè, ọ̀fun ló bá wá ọ̀ràn. Ojú mi ranjú. Omi ni mo búra pé n kò ní mu, n kò dárúkọ bíà. Mo na ọwọ́ sí kọ́ọ̀bù tó sún mọ́ mi jù, mo gbé e dà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà.

Kọ́ọ̀bù Bàbá ni.

Ojú àkọ́kọ́ bá bíà wọlé. Kò ba irin, kò ba eyín. Bàbá fi ìka méjì sẹ́nu, wọ́n súfèé, wọ́n nàka sí àárín pápá: “Góòlù!”

Lọ́dún 2014, FIFA gbé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà góòlù dé ìdíje ife àgbáyé ní Brazil. Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Ládípọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ náà, mo ní ayé ti wá gbà pé ojú réfúrì kò tó, nítorí náà kí ó dá ẹ̀tọ́ mi padà. Ó rò ó títí. Ó ní òótọ́ ni, wọ́n rẹ́ mi jẹ, òun yóò sì san án fún mi bó ti yẹ: odidi orí ewúrẹ́ kan, tojú timú.