Dókítà Ọ̀la

Bí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá Dókítà Ọ̀la ní Bodokro, wọ́n á sọ fún yín pé ọmọ àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Másítà ní Yunifásítì Alassane Ouattara, Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Àwọn ará Èjìgbò tó wà ní àdúgbò ti ń pè é ní Dókítà. Nínú mémoire rẹ̀, ìwé ìwádìí tó yẹ kó fi gba Másítà, ìdúpẹ́ nìkan ló ti parí: ojú-ìwé mẹ́ta gbáko.

Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Alẹ́ tó bá fẹ́ kọ̀wé ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Á gbálẹ̀, á fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, á ṣí kọ̀ǹpútà, á sọ lẹ́tà kékeré di ńlá. Ebi á dé, á jáde lọ ra garba. Lálẹ́, ó ní òwúrọ̀ lòun ń ronú dáadáa. Láàárọ̀, ó ní ariwo pọ̀, ó di alẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀, á sá wá sí ṣọ́ọ̀bù, á máa ka ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Dókítà, ibo lẹ bá a dé?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ó ti ń parí lọ.”

Bí ọ̀rẹ́ bá bi í, á ní ogun ọdún 2002 tó lé yunifásítì náà lọ sí Abidjan ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Nígbà náà, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà.

Ní ọdún 1984, Laura Solomon àti Esther Rothblum kọ̀wé ní Amẹ́ríkà pé ìbẹ̀rù ìjákulẹ̀ wà lára ohun tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Dókítà ka iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó yí àkòrí tirẹ̀ padà sí i. Ó tún kù kó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìwé tí a ò kọ, olùkọ́ kankan ò lè fi bírò pupa fà á ya. Ẹni tí wọ́n ti fi joyè Dókítà kó tó kọ orí kìíní, báwo ni yóò ṣe gbà kí orí kìíní náà tàbùkù òun?

Bàbá ti ra aṣọ ẹbí fún ọjọ́ soutenance, ọjọ́ tí yóò gbèjà mémoire náà. Télọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí ọ̀gá nínú àdéhùn yíyẹ̀, ti rán tirẹ̀ tán.